Odindi Ọ̀rọ̀ ni Ìwé Iṣẹ́ Ń Fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa, lórí ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ fún iṣẹ́ àti òwò ní kọ́lẹ́jì

  

Àwọn alákòóso ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ mi, èyí ni kíkọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́jì ní ìwé tí iṣẹ́ àti òwò fi ń lọ. Bí a bá dárúkọ ìwé, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa a máa lọ sí ìwé kíkà tàbí ìwé ẹ̀rí. Èyí tí mo ń wí yàtọ̀ sí wọn. Mo ń sọ nípa lẹ́tà tí a fi ń wá iṣẹ́, ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìjábọ̀ iṣẹ́, ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba, àti risíìtì tí à ń kọ fún oníbàárà. Ẹnikẹ́ni kì í ka irú ìwé wọ̀nyí fún ìgbádùn. Síbẹ̀ àwọn ni ó ń gbé owó, ilẹ̀ àti ipò láti ọwọ́ ẹnì kan lọ sí ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó gbé e ró. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ ti mọ ara wọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé èkejì, yóò béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àrokò àwọn baba wa rí. Ẹni tí ó bá di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ̀fà ni ó fi rán an, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ẹni náà bá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó rán an àti ẹni tí ó gbà á jọ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni.

Ìwé iṣẹ́ kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò kà á kò mọ̀ wá rí. Kò mọ bàbá wa, kò mọ ìlú wa, kò sì mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wa. Ìwé mìíràn pọ̀ jọ síwájú rẹ̀, àwa alára kò sì sí níbẹ̀ láti ṣe àlàyé. Bí a bá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, àbọ̀ ni yóò wà títí láé. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá sọ lónìí nìyí: ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ fún iṣẹ́ àti òwò ni ẹ̀kọ́ bí a ti ń sọ odindi ọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wá. Bí àwọn ọmọ wa bá ti kọ́lẹ́jì jáde láì kọ́ ọ, àwọn àti ìlú ni yóò jọ jẹ ìyà rẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan àjèjì ni mo ń wí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọba wa ti mọ agbára ìwé. Nígbà tí ogun Kírìjì ń jà, Aláàfin Adéyẹmí kọ lẹ́tà ní 1881 sí ìjọba Òyìnbó ní Èkó, pé kí wọ́n bá òun wá àlàáfíà. Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, ni ó mú lẹ́tà náà lọ. Ogun náà kò parí lọ́jọ́ náà, ní 1886 ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wà lára ohun tí ó ṣí ọ̀nà sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn akọ̀wé-lẹ́tà dé. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí wọn, àwọn tí ń jókòó ti tábìlì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ẹ̀bá kóòtù àti ilé ìfìwéránṣẹ́, tí aráàlú ń sanwó fún kí wọ́n bá wọn kọ̀wé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pàápàá ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ìgbà èwe rẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ìjọba ìgbà náà ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn tí kò mọ ìwé. Òfin náà sọ pé ẹni tí ó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí i. Bí ó bá ti kọ ọ́, ó ti jẹ́rìí pé ohun tí onítọ̀hún rán òun ni òun kọ, ní kíkún àti ní pípé, àti pé a ti kà á, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ fún un kí ó tó tẹ̀ka. Ní kíkún àti ní pípé: òfin náà mọ̀ pé odindi ọ̀rọ̀ ni ìwé ń fẹ́.

Àkókò àwọn akọ̀wé-lẹ́tà ti ń lọ, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. A dá Kọ́lẹ́jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Yábàá sílẹ̀ ní 1947, Yunifásítì Kọ́lẹ́jì ti Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1948, Pólí Ìbàdàn sì dé ní 1970. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ẹ̀kọ́ nípa lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ, ìbá à ṣe ẹnjiníà, ìbá à ṣe oníṣirò owó, ìbá à ṣe ẹni tí ń kọ́ nípa oúnjẹ ṣíṣe. Ó ṣe ni láàánú pé ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fojú tín-ín-rín. Wọ́n a ní, "Kì í ṣe òun ni mo wá kọ́." Wọ́n a há a sórí ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìdánwò, wọ́n a sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ kejì ìdánwò.

Kí ni ó wà nínú ẹ̀kọ́ náà tí ó yẹ kí wọ́n dì mú? Mo lè kó o jọ sí ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni yóò ka ìwé yìí? Kí ni mo fẹ́ kí ó ṣe nígbà tí ó bá kà á tán? Kí ni ẹ̀rí tí ó lè mú un gbà mí gbọ́? Báwo ni mo ṣe lè tò ó kí ó má baà wá a kiri? Ẹni tí ó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó tó mú kálàmù, ó ti ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé àgbàrá gbé afárá kan lọ ní ìlú kan, ẹgbẹ́ ìlú náà sì fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba. Akọ̀wé kan lè fi ojú ìwé kan gbáko kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba, kí ó júbà, kí ó ròyìn ìtàn bí a ti tẹ ìlú náà dó, kí ó wá wí ní ìsàlẹ̀ pátápátá pé ojú ń pọ́n àwọn nípa ọ̀nà, kí ìjọba ṣàánú àwọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èwo nínú ọ̀nà ìlú ni? Nígbà wo ni ó bàjẹ́? Kí ni wọ́n fẹ́ kí a ṣe? Ọ̀gá yóò fi ìwé náà sí fáìlì, ibẹ̀ ni yóò sì sùn sí.

Akọ̀wé kejì yóò kí i ní gbólóhùn kan, yóò sì wí pé: ní ọjọ́ báyìí, oṣù báyìí, àgbàrá gbé afárá tí ó wà láàrin ìlú àti ọjà lọ, ilé ẹ̀kọ́ méjì ni àwọn ọmọ kò lè dé mọ́, àwòrán mẹ́ta àti ìṣirò ẹnjiníà wà pẹ̀lú ìwé yìí, à ń bẹ̀ yín kí ẹ rán àwọn ẹnjiníà yín wá wò ó kí oṣù tí ń bọ̀ tó parí, nọ́ńbà ẹni tí yóò mú wọn dé ibẹ̀ nìyí. Èmi kò lè ṣe ìlérí pé ìjọba yóò kọ́ afárá náà. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá kọ́ ọ, wọn kò ní lè wí pé ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn.

Kì í ṣe pé kí a pa ìkíni tì. Ọ̀rọ̀ rere ni ó ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ni ó ń yọ ọfà lápó. Ọmọlúàbí ni kí a jẹ́ nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí a ti jẹ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tí ó tóbi jù lọ tí a lè fún ẹni tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ ni pé kí a má ṣe fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré kò ṣe pàtàkì nínú ìwé. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà pé kí a máa san àfikún owó fún òṣìṣẹ́ tí ó bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Òfin náà yọ àwọn iṣẹ́ oúnjẹ kan sílẹ̀, ó kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi "dídì fún ìfiránṣẹ́ tàbí ìpínkiri" parí rẹ̀. Nígbà náà, kò sí àmì ìdánudúró díẹ̀, èyí tí à ń pè ní kọ́mà, ṣáájú "tàbí". Àwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ wàrà kan tí ń jẹ́ Oakhurst Dairy lọ sí kóòtù. Wọ́n ní dídì ni òfin yọ sílẹ̀, ì báà jẹ́ dídì fún ìfiránṣẹ́ tàbí dídì fún ìpínkiri. Àwọn kì í sì í di nǹkan kan, pípín ni àwọn ń pín in kiri. Ilé iṣẹ́ ní rárá, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dídì àti ìpínkiri, òfin sì yọ méjèèjì. Ní 2017, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè sẹ́yìn àwọn awakọ̀. Ní 2018, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 5 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Kọ́mà kan ṣoṣo ni.

Bí ó bá dà bí ẹni pé Amẹ́ríkà jìnnà, ẹ jẹ́ kí a wo ìwé ilẹ̀ tí ó wà nínú àpótí àwọn baba wa. Irú wọn pọ̀ tí ó wí pé ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìrókò dé etí odò. Wọ́n ti gé ìrókò, odò ti yà gba ibòmíràn, àwọn ẹlẹ́rìí ti sùn nínú oorun àwọn àgbà. Ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó yé gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, nítorí ìrókò wà lójú wọn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ fún àwọn ọmọ tí a kò tí ì bí. Àwọn ọmọ náà ni ó wà ní kóòtù lónìí.

Ohun kejì tí kọ́lẹ́jì ń kọ́ ni ni pípa ẹ̀dà mọ́. Samuel Johnson tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kí a lè tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni ó sì sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láì rí ìwé náà. Àkọsílẹ̀ àti ìwé àkọ́kọ tí ó fi sílẹ̀ ni Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, fi tún un kọ. Ní 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Bí kò bá sí àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, mélòó ni ì bá kù nínú ìtàn wa? Ìwé tí kò ní ẹ̀dà, ọmọ kan ṣoṣo ni, ó yẹ kí a máa bẹ̀rù fún un.

Ohun kẹta ni ìjábọ̀. Ní 1973, Àjọ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1971, bẹ̀rẹ̀ ètò tí ó ń rán àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ sí ilé iṣẹ́ láti fojú rí ohun tí wọ́n ń kọ́. Àwọn ọmọ pólí tí ó wà níhìn-ín mọ̀ ọ́n dáadáa, oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ni a fún ní ìwé tí yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí, ọ̀gá ibi iṣẹ́ yóò máa fọwọ́ sí i, ní ìparí ọmọ náà yóò sì kọ ìjábọ̀. Ìwé ojoojúmọ́ yìí ni ìdánwò tí ó dára jù lọ tí mo mọ̀. Ọmọ tí ó kọ pé "Mo ṣiṣẹ́ lónìí" kò kọ nǹkan kan. Ọmọ tí ó kọ pé "A tú ẹ̀rọ amúnáwá ọ́fíìsì, a rí i pé ọ̀nà epo rẹ̀ ti dí, a fọ̀ ọ́, ó sì ṣiṣẹ́ ní aago méjì" ti di òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n irú ọmọ kan wà tí ń dúró di ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, tí ń da ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òun ni ó máa ń dákẹ́ nígbà tí agbanisíṣẹ́ bá bi í pé, "Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe níbẹ̀?"

Àwọn kan yóò wí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń dá àwọn ọmọ wa lẹ́kun. Ó rí bẹ́ẹ̀ dé àyè kan, nítorí èdè náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti òwò fi ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n èdè tiwa kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ràn tí mo ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ wí ní Yorùbá, ní gbólóhùn kan, bí ẹni pé ìyá wọn ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bí kò bá lè yé ìyá wọn, kò tí ì yé àwọn fúnra wọn. Nígbà tí ó bá yé wọn tán ni kí wọ́n wá Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ́ tí ó sì kúrú fún un. Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí ń dún bí àgbá òfìfo, ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ ni ó ń wá a.

Nísinsìnyí ẹ̀rọ tún ti dé tí ń bá ènìyàn kọ̀wé. ChatGPT jáde ní oṣù kọkànlá 2022, irú rẹ̀ sì ti pọ̀. Àwọn ọmọ wa ń bi mí pé, nígbà tí ẹ̀rọ lè kọ lẹ́tà ní ìṣẹ́jú kan, kí ni wọ́n tún ń kọ́ ọ fún? Mo ń dá wọn lóhùn pé akọ̀wé-lẹ́tà ni ẹ̀rọ yìí, irú èyí tí ń jókòó ní ẹ̀bá kóòtù láyé àtijọ́. Ó lè tún èdè ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ tí afárá wó. Bí o kò bá sọ ọ́ fún un, ó lè dá ọjọ́ kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò sì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ìwọ ni yóò kà á wò bóyá ó kún, bóyá ó pé. Ẹni tí kò kọ́ bí a ti ń kọ ọ́ kò lè mọ èyí tí ó pé yàtọ̀ sí èyí tí kò pé.

Ẹ̀yin ará mi, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kọ́lẹ́jì nìkan kò lè ṣe é, nítorí ọmọ pọ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ju ìwé tí olùkọ́ kan lè kà lọ. Nítorí náà mo mú àbá mẹ́rin wá síwájú ẹgbẹ́ yìí.

Èkíní, kí gbogbo ọmọ tí ẹgbẹ́ ń ràn lọ́wọ́ nípa owó ilé ẹ̀kọ́ máa kọ ìjábọ̀ ojú ìwé kan sí ẹgbẹ́ ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan: ohun tí ó kọ́, ohun tí ó ná, ohun tí ó kù. Kí ẹgbẹ́ sì dá a lóhùn.

Èkejì, kí ọmọ kọ́lẹ́jì méjì máa jókòó ti akọ̀wé wa ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n jọ máa kọ àkọsílẹ̀, ọ̀kan ní Yorùbá, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n kọ́ pé àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í ṣe ìròyìn ẹni tí ó pariwo jù. Ohun tí a pinnu ni, ẹni tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò ṣe é.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ní àpótí ìwé tí ó ní àgádágodo, tí ẹ̀dà gbogbo ìwé tí a kọ jáde àti èyí tí a rí gbà yóò máa wà níbẹ̀, kí ẹ̀dà kejì sì wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí akọ̀wé bá yí padà, kí ìwé má ṣe bá a lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní òkèèrè, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ yín, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, kí ó máa ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ wọn, kí ó sì sọ òtítọ́ fún wọn. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì lè ṣe ọmọ ní oore ju owó lọ.

Àwọn baba wa fi ẹnu dá ìlú yìí sí, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n mọ iṣẹ́ jẹ́. Ibi tí à ń rán ọ̀rọ̀ wa lọ nísinsìnyí, ojú kò mọ ojú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rán odindi ọ̀rọ̀, kí ó lè dá dúró fún wa nígbà tí a kò sí níbẹ̀.

Kí Olódùmarè bá wa tún ìlú wa ṣe, kí ó má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa já sí asán.